Ọkọ̀ Tó Da Ilẹ̀

Kò pariwo, kò húkọ́, kò tilẹ̀ sín.
Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ní "kẹ́",
bí ẹni tó fi eyín pa èkùrọ́ kan ṣoṣo,
ó sì dákẹ́.

Ọjọ́ Àìkú ni. Yìnyín ti dé orókún táyà,
atẹ́gùn òkun Newfoundland ń fi iyọ̀ fọ̀ wá lójú.
Èmi Garland Hynes, tí mo ń fọ́ alákàn nílé iṣẹ́ ẹja,
mo bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo mẹkáníìkì:
wákàtí méjì gbáko ni ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ èyí tó sún mọ́ wa jù,
owó tó sì máa gbà lórí wíwò lásán
á ra epo ìdáná oṣù kan.
Mo ní n ó ṣe é fúnra mi.
Ẹnu ni.

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ fura sí.
Mo ra tuntun, mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́.

Á jẹ́ pé sítátà ni, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Jolene ọmọ mi,
ẹni tó ń fi fóònù tanná fún mi
tó sì ń fi fóònù ọ̀hún bá ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín.
Mo wọ abẹ́ ọkọ̀.
Ẹ má bi mí bí ilẹ̀ ṣe tutù tó.
Bóòtù méjì ló dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnì;
ọ̀kan gbọ́ràn, ìkejì ti bá ìpáàrà mulẹ̀.
Mo rọ epo lé e, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi òòlù kàn án lórí,
mo pè é ní orúkọ tí màmá mi kò mọ̀ pé mo mọ̀.
Mo fi gbogbo ara fà á:
ọrùn rẹ̀ kán.
Orí bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìyókù dúró sínú irin
bí eyín tó kán sínú èrìgì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbẹ́ ìyókù yẹn jáde.
Láàárín kan, sípánà kékeré, nọ́ńbà mẹ́wàá, yọ̀ lọ́wọ́ mi,
mo gbọ́ bó ṣe ń já bọ̀, ko, ko, kóró,
ṣùgbọ́n kò dé ilẹ̀.
Èyí tí mo yá lọ́wọ́ Selby náà tẹ̀ lé e.
Mo rò pé wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀.

Sítátà tuntun wọlé. Mo nu ọwọ́, mo pe Jolene
pé kó wá wo bàbá rẹ̀.
Kẹ́.

Ìgbà yìí ni Effie Pardy rọra kọjá ọgbà,
opó ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin
tó fi ogójì ọdún tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe
kó tó di pé ẹja tán.
Ó mú tíì lọ́wọ́; kì í ṣe tèmi.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ wáyà dúdú kan láti orí bátìrì
títí dé ibi tó ti so mọ́ ara irin.
Ó mi orí.
Ìpáàrà ti hù níbẹ̀ bí olú funfun:
iyọ̀ ọ̀nà, iyọ̀ òkun, ọdún mọ́kànlá.

"Wáyà ilẹ̀ nìyí," ó wí.
"Iná kì í lọ láìní ọ̀nà àbọ̀.
Ọkọ̀ rẹ ti da ilẹ̀, Garland.
Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ìwọ ń ra oògùn orífífọ́."

Ó yọ ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja,
ó ha ibẹ̀ títí irin fi dán bí eyo owó,
ó dè é padà, ó gbé tíì rẹ̀ kúrò lórí táyà.
"Yí i."

Mo yí i.
Gbogbo àdúgbò gbọ́.
Ajá Selby sá wọlé.

Mi ò tíì sọ iye tí mo ná fún ìyàwó mi.
Bátìrì àtijọ́ wà ní gáréèjì, ó yè kooro.
Bóòtù kan sì ṣẹ́kù sí mi lápò lẹ́yìn gbogbo ẹ̀,
ó gùn, ó mọ́, ó dájú pé ibì kan ń ṣàárò rẹ̀.
Mo máa ń fọwọ́ kàn án bí mo bá ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́,
bí mo bá sì ń gun òkè iwájú ṣọ́ọ̀ṣì,
mo máa ń pa rédíò
kí n lè gbọ́ ohun tó bá fẹ́ bọ́.