Ọ̀já

Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn,
bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí.
Ta ló bi ẹ̀yìn tó pọn ọmọ léèrè?
Ọmọ tèmi ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,
ó ti hu irùngbọ̀n,
Mudaṣíru, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi
láti Ìgbọ̀nà dé Òkè-Fìà.

Ní wọ́ọ̀dù Asúbíárò ni ìyá wa ti dì í mọ́ mi.
Ó ní, "Sùlìyátù, má jẹ́ kí ojú ti àbúrò rẹ."
Mo ní, "Kò ní tì í."
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà.
N kò béèrè pé títí di ìgbà wo.

Ó ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, mo san án.
Ó fi ọ̀kadà ọlọ́kadà ṣe ìdógò,
mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì.
Ọ̀gá rẹ̀ pè láti ibi tí wọ́n ti ń pò búlọ́ọ̀kù,
mo ní ibà ló dá a dúbúlẹ̀.
Irọ́ náà dùn lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀
tí èmi alára bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.
Òun ló mutí, èmi ni orí ń fọ́.
Òun ló jẹ gbèsè,
èmi ni mo ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá
kí Àlàájì Lámídì má baà rí mi.

Àwọn ará àdúgbò ní, "Kò sí ẹ̀gbọ́n bíi tìẹ."
Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dùn mọ́ mi.
Lọ́jọ́ tó bá dá jí, tó wẹ̀, tó rẹ́rìn-ín,
inú mi kì í dùn tán,
n óò máa wá ibi tó ti ń dùn ún.

Ọjọ́bọ̀ kan, nítòsí ibùdó rélùwéè,
ọ̀rẹ́ mi Fáúsátù ní, "Kí ni kí n rà fún ẹ?"
Mo ní, "Ó fẹ́ràn mọ́ín-mọ́ín."
"Ta ni?"
"Mudaṣíru."
"Ìwọ ni mo bi. Kí ni ìwọ fẹ́ jẹ?"
Mo ya ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.
Ọkọ̀ ojú irin kò kọjá lọ́jọ́ náà,
ṣùgbọ́n nǹkan kan gba inú mi kọjá, gìrìgìrì,
ó ṣófo láti iwájú dé ìdí.

Ìgbà yẹn ni mo rí i
pé ọ̀já kì í di ẹnì kan.
Ẹni tó pọn, ẹni tí a pọ̀n,
aṣọ kan náà ló gbá wọn pọ̀.
Mo ń bẹ̀rù afẹ́fẹ́ tí yóò fẹ́ sí ẹ̀yìn mi.

Fóònù dún láago méjì òru, láti Alékúwodò.
Mo jókòó lé ọwọ́ mi.
Ó dún lẹ́ẹ̀méje. Mo sunkún bí ẹni tó pànìyàn.
Ìgbà kẹjọ, mo gbé e.
Mo ní, "Mo ń gbọ́. N kò ní wá. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."
Gbólóhùn mẹ́ta. Wọ́n wúwo ju òun gan-an lọ.
Ó bú mi, ó bú ìyá mi,
ó gbàgbé pé ìyá kan náà ni.
Mo retí kí ilẹ̀ ya, kí afárá Gbọ̀dọ̀fọ̀n wó.
Láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀,
ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé,
eruku dé orúnkún, kò kí mi.
Ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo wò ó títí.

Lóṣù kejì mo tún san gbèsè kan,
n kò ní purọ́ fún yín.
Lóṣù kẹta, n kò san.

Ìyá, ojú tì í.
Ojú tì í níwájú Àlàájì Lámídì, kò sì kú.
Ó ti padà sídìí búlọ́ọ̀kù;
ọjọ́ mìíràn ó lọ, ọjọ́ mìíràn kò lọ.
N kò ka iye ọjọ́ mọ́.
Mo ṣì ń kà á díẹ̀.

Lánàá mo fọ ọ̀já, mo sá a sórí okùn.
Mo ra mọ́ín-mọ́ín kan, mo tọ́ ọ wò.
N kò fẹ́ràn rẹ̀!
Ọdún méjìlélógójì kí n tó mọ̀.
Lọ́la, n óò tọ́ dùǹdú wò.