Ewé Obì Láàárín Ìwé

Ní Ìperu, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì,
Baba mi ti ń fọ àbàwọ́n obì kúrò lọ́wọ́.
Kì í lọ tán. Pupa rẹ̀ wà lábẹ́ èékánná,
ó wà létí ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú
níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń ṣí i láti ogún ọdún.
Ẹ wá wo ìwé náà lónìí, ẹ ò nílò nọ́ńbà:
ibi tó bá pọ́n jù, ibẹ̀ ló fẹ́ràn jù.

Èmi àti Kòyà á jókòó sórí ẹní,
oorun á ṣì lẹ̀ mọ́ wa lójú
bí ìkọ́kọrẹ́ àná tó di mọ́ ìdí ìkòkò.
Baba á máa kà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bó ṣe ń ka obì sínú agbọ̀n,
kí ọ̀kan má baà bọ́ sọnù.
Olóbì ni. Kíkà ni òwò rẹ̀,
kíkà náà ni ìgbàgbọ́ rẹ̀.
Bó bá kà á tán, á mú ọ̀kan nínú ewé
tó fi ń bo ọjà kó má baà gbẹ,
á fi há ibi tó dé dúró.

Alẹ́ ni ti Màmá.
Ìwé tirẹ̀ kò léèpo,
orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ti bá èèpo lọ.
Ṣàgámù ló ti rà á lọ́wọ́ oníwèé àlòkù,
owó ata ló fi san án.
Ìtàn Àsàbí ni, tó sá fún ọkọ ẹlẹ́gba,
tó dé etí odò lóru, tí kò bá ọlọ́kọ̀.
Màmá á gbé àtùpà sórí àpótí,
á fi ohùn ọkọ kà á, ohùn odò,
ohùn ajá tó ń lépa,
àwa á sì rẹ́rìn-ín títí iná àtùpà á fi máa mì.
Baba á wúkọ́ láti yàrá kejì:
“Ìyá Adétutù, irọ́ yẹn ò lè gbé èèyàn dọ́run o.”
Màmá ò ní gbójú sókè:
“Kò sọ pé ọ̀run lòun ń lọ. Odò ló fẹ́ kọjá.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dàgbà.
Mi ò mọ èwo ló bọ́ mi jù nínú méjèèjì.

Lọ́dún tí òjò pọ̀, awọ funfun bo ojú Baba.
Ó ṣì ń fọwọ́ mọ gbàǹja yàtọ̀ sí àbàtà,
àmọ́ lẹ́tà ò láwẹ́ tí ìka lè wá.
Ó na ìwé sí mi. Mo kà á bó ṣe ń kà á,
mo dúró níbi tó máa ń dúró,
mo tiẹ̀ wúkọ́ níbi tó máa ń wúkọ́.
Ó ṣe àmín. Ó dákẹ́.
Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, bí ẹni tójú ń tì láti tọrọ owó:
“Obìnrin yẹn… Àsàbí. Ṣé ó padà rí ọkọ̀?”

Màmá ń rin ewùrà lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.
Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn!
Ògiri ti ń kàwé fún un láìsọ fún wa.

Ẹ wá gbọ́ ìtìjú: ojú ewé ìkẹyìn ò sí.
Kòyà ló fà á ya, ọmọ ọdún mẹ́ta,
ó fi ṣe ọkọ̀ ojú omi,
àgbàrá gbé e lọ níwájú ilé.
Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ tí ò ríran.
“Ó ti rí ọkọ̀ nìyẹn!”
Ló bá jókòó dáadáa, ó di ojú,
ó fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìtàn náà fún wa:
ọkọ̀ kékeré, funfun, tó ní lẹ́tà lára,
bó ṣe wá látòkè láìní atukọ̀,
bí Àsàbí ṣe wọlé, tí ajá ń gbó lẹ́yìn,
bó ṣe dé òdìkejì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ.
“Àmín,” ló wí, torí ó ti mọ́ ọn lára.
Gbogbo wa ṣe àmín,
Màmá náà, tòun ti ewùrà lọ́wọ́.

Mo mú ewé obì kan, èyí tó tutù yọ̀yọ̀,
mo fi há ẹ̀yìn ìwé Màmá,
níbi tí ojú ewé ò sí.