Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú. Òjò Rochdale kì í rọ̀, ó ń sẹ̀ bí ìrì,
ó ń wọni láṣọ bí ọ̀rọ̀ àbòsí ṣe í wọni létí.
Mo ń gun òkè lọ, fóònù ilé iṣẹ́ wà lápò àyà mi,
ó ń ka ìṣísẹ̀ mi bí ahun ṣe ń ka kọ́bọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Entwistle, mo fi í kan àmì tó wà lára ògiri.
Píì.
Ó ti mọ̀ pé mo dé kí bàbá tó mọ̀.
Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ bí àbẹ́là.

Orúkọ mi wà lójú rẹ̀ láìní àmì ohùn kankan,
bí àlejò tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀ nígboro.
Àwọn ọmọ ọ́fíìsì kà á ní èdè tiwọn, ó di àwàdà.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí owó oṣù.
Àjọkẹ́ ni mí. Ẹni tí odindi agboolé jọ kẹ́
ló wá ń kẹ́ni ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú.

Wẹ̀ ẹ́. Fi àmì sí i.
Oògùn: funfun méjì, pupa kan. Fi àmì sí i.
Tíì, búrẹ́dì, kí o gé etí rẹ̀ kúrò. Fi àmì sí i.
Kò sí àmì fún "jókòó".
Kò sí àmì fún ìgbà tí bàbá di ọwọ́ mi mú,
tó ń sọ̀rọ̀ ilé òwú tó ti di ibi tí wọ́n ń ta kápẹ́ẹ̀tì,
bí ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ láyé ọjọ́un
tó fi jẹ́ pé ètè ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbọ́ra,
òun àti Doreen. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi fẹ́ra
láìgbọ́ ohùn ara wọn.
Mo ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ làwa náà ń wí nílé: ojú lọ̀rọ̀ wà."
Fóònù gbọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.
Wọ́n yọ méjì náà nínú owó mi.

Kámẹ́rà kan wà nígun àjà, ó là sílẹ̀ bí ojú alángbá.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ní kí wọ́n kàn án síbẹ̀, láti Ọsirélíà.
Ìfẹ́ ni. Bí mo bá lówó, ṣé n kò ní kan ọ̀kan
sí yàrá ìyá mi n'Íléṣà?
Ṣùgbọ́n bí mo bá ń bọ́ ṣòkòtò bàbá, á fọwọ́ bora,
á ní, "Ta ló ń wò?"
N kò mọ̀, sà. Ọmọ yín. Àwọn tó ni kámẹ́rà.
Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tà yín fún.
Mo wá ń fi aṣọ ìnura bò ó lójú. A kò sọ fún ẹnìkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú Èrèlé, yìnyín bo òkè, ilé kejì ti ń pè.
Bàbá ní òun kò jẹun, ó yíjú sógiri.
Àkókò ti tán. Mo gbé búrẹ́dì tì í,
mo tẹ àmì aláwọ̀ ewé: Ó TI JẸUN.
Ìka yìí ni. Ó mọ́ tónítóní bí òtítọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Búrẹ́dì wà nínú àwo, ẹnikẹ́ni kò bù ú.
Aṣọ ìnura ṣì wà lójú kámẹ́rà.
Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.
Ọ́fíìsì ní kí n fọkàn balẹ̀, àkọsílẹ̀ mi pé:
bàbá jẹun ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ìràwọ̀ márùn-ún ni wọ́n fún mi lóṣù yẹn.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo fi fóònù sílé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù.
Ohùn bàbá ti lọ, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.
Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó títí mo fi gbọ́.
Ta ló ń wò?
Èmi ni, Bàbá. Èmi Àjọkẹ́ ni.
N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo lò.