Ìkúnwọ́ Ìrẹsì

Ní abúlé wa lórí òkè Mìsórámù,
níbi tí kùrukùru ti ń jí ṣáájú àkùkọ,
ìyá mi, Darchhingi, kì í gbé ìkòkò kaná
kó má kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú àpò ìrẹsì,
kó bu ìkúnwọ́ kan,
kó dà á sínú agolo bísíkíìtì tó ti dípẹtà létí.
"Ti Olúwa nìyẹn."
Kì í gbàdúrà gígùn lé e lórí.
Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó wọn tiwa.

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ náà ń lọ, ọwọ́ náà ń bọ̀,
ọwọ́ tó ti ń roko lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè láti ìdájí,
tí èékánná rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Òun náà ló fi ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́rú
nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó.
Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ta ló ń sanwó fún ọ?"
Ó ní, "Ilẹ̀ mọ́, àbí kò mọ́?"

Ní Sátidé, Pi Zaithangi á dé,
ìyá arúgbó tí eyín rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ,
apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, okùn apẹ̀rẹ̀ níwájú orí.
Ilé mọ́kànlélógójì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sókè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sódò;
ilé wa ni ìkẹtàdínlógún.
Yóò dojú agolo dé sínú apẹ̀rẹ̀,
yóò fọwọ́ gbá ìdí rẹ̀, pẹ́pẹ́,
yóò ní, "Ó wúwo,"
bó wúwo, bí kò wúwo.

Ọdún tí ọparun yọ òdòdó wá dé,
ọdún méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n fi ń retí ẹ̀, tí wọ́n fi ń bẹ̀rù ẹ̀.
Eku jẹ èso ọparun, eku bímọ, ọmọ eku bímọ,
òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi jẹ oko wa
bí ẹni fi abẹ fárí.
A wọgbó lọ wa iṣu kíkorò.
Ìyá ṣì ń bu ti agolo.
Ìkúnwọ́ di ààbọ̀,
ó di ohun tí ìka mẹ́ta lè ṣà,
nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì kan, mo ka gbogbo rẹ̀:
hóró mẹ́sàn-án.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Inú bí mi sí Ọlọ́run.
Mo dúró kí Ìyá lọ sódò,
mo da mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sẹ́nu ní tútù.
Wọn ò tilẹ̀ dé ọ̀fun.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Pi Zaithangi gun òkè wá,
okùn ti fi ojú ọgbẹ́ sí i níwájú orí.
Ó dojú agolo dé. Nǹkan kan ò jáde.
Ìyá wò mí.
Arúgbó náà gbá ìdí agolo, pẹ́pẹ́,
ó sinmi díẹ̀,
"Ó wúwo,"
ó sì kọjá sí ilé kejìdínlógún.

Bẹngalúrù ni mo wà báyìí,
mò ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní ilé alájà mẹ́rìndínlógún.
Owó oṣù mi, Ìyá ò fojú rí irú rẹ̀ títí ó fi kú,
síbẹ̀ mo mọ iye tí ọ̀gá mi ń gbà
ju bí mo ti mọ ọjọ́ ìbí ọmọ mi lọ.
Ìtẹ́lọ́rùn ò sí lára ẹrù tí mo dì wá.

Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ se ìrẹsì lálẹ́,
ọwọ́ mi á lọ fúnra rẹ̀, kì í bi mí,
á bu ìkúnwọ́ kan sọ́tọ̀.
Agolo kún. Kò sẹ́ni tó wá gbà á.
Lánàá, mo gbé e lọ bá Gangavva tó ń fọ àtẹ̀gùn wa.
Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó ní, "Èló ni?"
Mo fẹ́ dárúkọ Ẹni tó ni ín,
ojú tì mí.
Mo kàn dojú agolo dé sínú báńtẹ̀ iṣẹ́ tó tẹ́ sílẹ̀,
mo sì gbá ìdí rẹ̀, pẹ́pẹ́,
kí hóró kankan má ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́.