Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà,
fáànù dúró. Òkùnkùn.
Eetu tún tẹ bọ́tìnnì,
ẹ̀rọ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí a jí lóru tó ní "ta nìyẹn?",
ó sì tún kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ní Tampere, nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́ta ọ̀sán ilẹ̀ ti ṣú.
Yìnyín ń já bọ́ lójú fèrèsé bí òwú tí ẹnikẹ́ni kò ran.
Ọdún kan àtààbọ̀ ni ọmọ ọmọ mi fi pín ìwé ìròyìn
láti ilé dé ilé, kí àwọn ajá tó jí,
tó ń ra kọ̀ǹpútà yìí ní ẹyọ ẹyọ:
lóṣù kan àpótí, lóṣù kejì ọpọlọ.
Owó pátákó ìrántí méjèèjì, Helvi àbúrò mi ló san án,
ẹni tí kò rántí mọ́ pé òun san án.
Lálẹ́ àná ló tò ó jọ lórí tábìlì ìjẹun mi;
orí itan la ti jẹ ọbẹ̀ ẹja.

"Mummo," ló wí, "ó ti kú."
Mo ní òkú kì í ka ẹ̀fà.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe
létí odò, kí wọ́n tó sọ ilé iṣẹ́ wa di ilé kọfí.
Ẹ̀rọ tó kọ̀ jálẹ̀, ebi iná ló ń pa á.
Èyí tó jí tó tún sùn, nǹkan kan ló ń dùn ún.
Má lù ú. Má bú u. Bi í.

A bẹ̀rẹ̀ sí í bi í.
A pààrọ̀ wáyà, a kúrò lára ògiri yìí, a lọ sí tọ̀hún.
Ẹ̀fà.
A yọ pátákó ìrántí kan, a fi èkejì sílẹ̀.
Ẹ̀fà.
(Bí wọ́n bá ní kí n yọ ìrántí kan nínú tèmi,
kò ní jẹ́ Kauko lórí adágún, tó ń fọn fèrè ẹnu sí ẹja.)
A ṣí ọpọlọ, a nu ìpara àkọ́kọ́ nù,
a fi tuntun sí i, kò ju hóró ẹ̀wà lọ.
Mo fọwọ́ kàn án: ó tutù bí ìdí ìgò.
Kì í ṣe ooru.
Ẹ̀fà.

Eetu ní òun á kó gbogbo rẹ̀ padà fún ẹni tó tà á.
Mi ò wo ojú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
bí o bá wò ó, omi á já.

Mo ní, yọ ọ́ jáde nínú àpótí, tẹ́ ẹ sórí páálí.
Ó dùbúlẹ̀ níhòòhò bí ọmọ tuntun
lórí páálí tí mo fi ra bàtà òtútù.
Kò sí bọ́tìnnì mọ́; ó fi ẹnu síkúrúdíráfà
kan irin tín-tìn-tín méjì pọ̀.
Ení. Èjì.
A ò mí.
Àrún. Ẹ̀fà.
Èje.
Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ; òótọ́ ni:
ogún, ọgbọ̀n, ọgọ́rin,
títí a fi gbàgbé iye tí a kà.

Àpótí ló jẹ̀bi, nígbà náà.
Mo gbé e sábẹ́ iná, mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀.
Ojú mi ti rẹ̀, ìka mi ṣì ń kàwé.
Ẹsẹ̀ idẹ mẹ́sàn-án ló yẹ kó gbé pátákó náà ró.
Mo ka mẹ́wàá.
Ọ̀kan dúró níbi tí kò sí ihò,
ó ń gún un lẹ́yìn, láti àná.

"Ta ló fi í síbẹ̀?"
Eetu wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mi ò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹsẹ̀ idẹ náà wà nínú àwo bọ́tìnnì mi báyìí,
ó kéré ju eyín ọmọdé lọ.
Bí oorun bá dá lójú mi lóru,
mo máa ń gbọ́ fáànù láti yàrá kejì.
Mo máa ń kà dé ẹ̀fà,
mo sì ń dúró.