Ẹnu Ààlà

Ṣọ́ọ̀bù wa wà níbi tí kaunti kan ti parí.
Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa tí o tutọ́,
tí atẹ́gùn sì bá ọ gbé e,
kaunti kejì ni itọ́ náà máa balẹ̀ sí,
níbi tí wọn kì í ta ọtí rárá,
ì báà ṣe bíà agolo, ì báà ṣe wáìnì ọjọ́ ìgbéyàwó.
Kò sí odò láàárín, kò sí ògiri.
Àgbàdo níhìn-ín, àgbàdo lọ́hùn-ún;
màlúù Ọ̀gbẹ́ni Pruitt ń jẹko ní ìhà méjèèjì,
òfin kan ò sì mú un.

Ìyá mi ta ògógóró ní gáréèjì Ṣágámù fún ọdún mọ́kànlélógún.
Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé ọjọ́ wo ni.
Awakọ̀ á nawọ́ owó, ìyá mi á bu kọ́ọ̀bù kan,
oòrùn ò tíì là.
Ìgbà tí mo wí fún un lórí fóònù pé
lọ́jọ́ Àìkú, ní Kentucky níbí,
ẹ̀wọ̀n la fi ń de ilẹ̀kùn fíríìjì títí aago kan ọ̀sán,
ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e:
"Ìbídùn, ṣé bíà náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Mo ní, Màámi, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.
Ní Indiana, lókè odò, ilé epo lè ta bíà,
ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tutù.
Ní Pennsylvania, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ta wísíkì,
bí ẹni ń ta sítáǹpù.
Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.
"Bíà gbígbóná! Kí làwọn èèyàn yẹn fi ṣẹ ìjọba?"

Díákónì Orville Tackett máa ń wá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Ẹ̀yìn ló ń gbé ọkọ̀ sí, nídìí agolo ìdalẹ̀nù.
Ìgò wísíkì kékeré kan, "fún ikọ́".
Ikọ́ náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti dìbò ní kaunti rẹ̀ bóyá kí ọtí wọlé,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dìbò pé kó má wọlé.
Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, bó ti ń ka ṣéńjì.
N ò bi í. Ẹni tó bá ń ta ọtí
kì í wo ojú oníbàárà ju bó ṣe yẹ lọ.

Láti ibí dé ìlú wọn, máìlì mẹ́tàdínlógún.
Àgbélébùú funfun mẹ́fà ló wà létí títì,
gbogbo wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀nà ilé.
Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.
Wọ́n ri ìkeje mọ́lẹ̀ ní oṣù Kẹjọ:
Dale Tackett, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún,
ọmọ ọmọ díákónì.

Èmi ni mo ta páálí bíà náà fún un.
Mo wo káàdì rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ pé.
Òfin kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ mi.
Mo ṣì ń fọ ọwọ́ náà.

Ìbò míì ń bọ̀ ní oṣù Kọkànlá.
Ọ̀gá mi ní bí kaunti kejì bá ṣílẹ̀kùn, àwa á tilẹ̀kùn;
ta ló máa wakọ̀ máìlì mẹ́tàdínlógún
wá ra ohun tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀?
Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi wà nínú máìlì wọ̀nyẹn.
Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà,
n ò mọ èyí tí n óò béèrè,
mo dìde.

Lónìí, ọjọ́ Àìkú, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago kan lù,
kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ mi.
Mo wo ìta láti ojú gíláàsì.
Díákónì ti wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì,
iwájú ló gbé ọkọ̀ sí lónìí,
níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.
Kò súnmọ́ ilẹ̀kùn.
Ó dúró síbi tí ọ̀dà kaunti kan ti pàdé ti èkejì,
ó ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń dán yìnyín orí odò wò
bóyá ó le tó láti gbé èèyàn.