Níbo Ni Fáìlì Ń Sùn?

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo kó ẹrù wọn,
nígbà tí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ ní Òkè-Àdó ti dákẹ́,
tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ti gba àgádágodo.
Èmi nìkan, pẹ̀lú ife tíì kan tó ti tutù,
mo ń wí fún kọ̀ǹpútà mẹ́tàdínlógún, lọ́kọ̀ọ̀kan:
ohun tí wọ́n bá gbé sójú rẹ, má gbé e mì.
Rán an lọ sí yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn.
Ibẹ̀ ni sáfà wà. Ibẹ̀ ni kó máa sùn.

N kò jí nǹkan kan. Ọ̀nà ni mo yí padà,
bí ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kòtò lójú títì Mọ́lété
tí ọlọ́pàá nawọ́, "Ẹ gba ibí";
àmọ́ tèmi, òpó iná, ìsọ̀ afárí, gbogbo rẹ̀ jọ tàná,
ẹni tó ń lọ kò mọ̀ pé òun ti yà.

Àárọ̀ Ajé, iná lọ.
Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní bátìrì tirẹ̀.
Ti sáfà ni mo gbàgbé láti pààrọ̀.

Àlàájà Sàrátù, akọ̀wé àgbà, jókòó sí àyè rẹ̀,
ojú tábìlì mọ́ bí àwo tí ológbò lá.
Kò sí àwòrán ilẹ̀ Àkànrán, kò sí ti Omi-Àdìó,
kò sí ìwé àjọ, kò sí fọ́tò ọmọ-ọmọ rẹ̀
tó ń fi eyín méjì rẹ́rìn-ín.
Kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.
Ó tú ìborùn rẹ̀, ó tún un wé, ó ní:

"Wàsíù, bàbá mi ṣe akọ̀wé nínú ilé yìí kí n tó ṣe.
Lọ́dún Omíyalé, Ògùnpa wọlé wá,
ó ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni tó ní ìpàdé lókè.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá mi fi ń sá fáìlì sórí okùn bí aṣọ,
tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ lójú-ewé lójú-ewé.
Ìyẹn, mo fojú rí i.
Tìrẹ yìí, omi wo ló gbé e?"

Mo ní, "Àlàájà, ohun tí ẹ ń rí lójú tábìlì,
kò sí lórí tábìlì."
Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ
tó ní òṣùpá sùn sílé àwọn lánàá.

Jẹnẹrétọ̀ han. Sáfà súfèé, ó jí.
Lẹ́yọ lẹ́yọ, bí ẹyẹlé ìrọ̀lẹ́,
wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bà: Àkànrán, Omi-Àdìó, àjọ,
ọmọ eléyín méjì.

Mo mú un lọ sídìí kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà, tí kì í ṣe tirẹ̀.
Ó tẹ orúkọ, ó tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí
(n kò wò, ṣùgbọ́n gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ ọ́n).
Ẹrù rẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.
Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì;
ẹ̀rọ àjèjì yìí pè é ní onílé.
"Àṣé orúkọ mi ló ń gbé ẹrù mi kiri?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."
"Bí mo bá fẹ̀yìn tì ńkọ́?"
N kò dáhùn. Òfin wà nílẹ̀:
ọgbọ̀n ọjọ́, kí n pa á rẹ́.

Ó ní kí n fi ibi tó ń sùn han òun.
A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, àwa méjèèjì.
Kò wo àpótí olójú ewé yẹn rárá.
Ògiri ló fọwọ́ kàn, ní ìwọ̀n àyà rẹ̀:
"Ibí ni omi dé.
Wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin."

Nírọ̀lẹ́, mo tú wáyà.
Òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Ìdí-Ayùnrẹ́.
Mo gbé sáfà mọ́ àyà, mo kọjú sí àtẹ̀gùn,
ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.
Ìwé àjọ wà nínú rẹ̀.